Ìpínrọ̀ Tí Mo Yọ Kúrò

Òpópónà Durazno,
Montevideo.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta.

Anahí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá rẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kí ìyá rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí òtútù tó ń bọ̀ má sì dá ikọ́ ìyá rẹ padà. Ara tèmi le. Ìyá àgbà ti ń rìn láti yàrá dé ilé ìdáná láìdi ògiri mú. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ìwọ tí o ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Tacuarembó, o kò mọ iye oṣù tí o ti lò láìwá wò wọ́n.

O ní kí n sọ fún ọ bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe rí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀lé, tí wọ́n á sì ta ìlànà náà fún àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwa tí a wà ní Huella Mansa kò ní màálù kan ṣoṣo. Àwọn olóko ẹran àti àwọn ilé ìpẹran ló ni màálù. Tiwa ni pé a ń tọ́jú nọ́ńbà tó wà létí màálù kọ̀ọ̀kan: oko tí wọ́n bí i sí, pápá tó ti jẹko, ọkọ̀ tó gbé e. Bí ètò wa kò bá tíì fún ọkọ̀ ní ìwé ìrìnnà, ọkọ̀ náà kò ní kúrò lójú kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sọ fún ọ pé ayé là ń tún ṣe, rántí màálù.

Nínú ìwé rẹ, o ní kí n fa ìlà sí àárín bébà bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí o wà ní kékeré, kí n kọ dáadáa iṣẹ́ náà sí ọ̀tún, kí n kọ burúkú rẹ̀ sí òsì, kí o lè mọ èsì tí wàá fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú rẹ̀. Ohun kan náà ló ń bọ́ sí apá méjèèjì, nítorí náà mo fa bébà ya, mo sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́, ọkọ̀ èrò ni mo sì fi rán an, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ló ni kọ̀ǹpútà mi, ilé-iṣẹ́ ló sì ni fóònù mi.

Èmi kì í ṣe aláìmoore. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò níbẹ̀, mo sì ti kọ́ ohun tí yunifásítì kò lè kọ́ mi ní ogún ọdún. Iye tí wọ́n á máa san fún ọ lóṣù tó ìlọ́po mẹ́ta owó olùkọ́, òrùlé ìyá rẹ kò sì ní jò mọ́. Nígbà tí Ìyá àgbà ṣubú tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, Nacho Barreiro tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pè mí, ó ní, "Zulma, lọ tọ́jú ìyá ẹ. Má wo kọ̀ǹpútà kankan." Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà nílé, wọn kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó mi. Ilé-iṣẹ́ wo ló tún ń ṣe irú ìyẹn? A kì í pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá níbẹ̀. Nacho ni à ń pe Nacho, ẹni tó dé lánàá sì lè sọ fún un lójú àwùjọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ́gbọ́n wá. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dùn. Nígbà tí o bá ti ń wá àṣìṣe kan fún ọjọ́ mẹ́rin, tí o wá rí i lójijì níbi tó sá pamọ́ sí, inú rẹ yóò dùn bíi ti ẹni tó rí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ tó sọnù nínú iyanrìn.

Àmọ́ ohun tó dára jù lọ níbẹ̀ fún mi ni Wilmar Techera. Ọmọ ìlú yín ni. Bàbá rẹ̀ ló ń tún gàárì ṣe lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Láàárọ̀, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, yóò da omi gbígbóná sí ewé mate: igbá kan, ọ̀pá ìfamu kan, ó mu, mo mu. Ìyáàfin Aago ló ń pè mí, nítorí pé mo fẹ́ràn láti mọ àkókò gan-an tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó máa ń sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Bí wọ́n bá sọ fún Zulma pé ilé ẹ̀ ń jó, á ní aago mélòó ni iná ọ̀hún bẹ̀rẹ̀." Èmi náà á dá a lóhùn pé Wilmar kò ní tilẹ̀ gbọ́ pé iná ń jó, nítorí ó ṣì ń wá bàtà rẹ̀. Báyìí la ṣe ń ṣe é.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń pe ènìyàn wá síṣẹ́. Òun ni ìṣọ́. Ẹni tí ìṣọ́ bá kàn ni yóò mú fóònù ìṣọ́ lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ètò bá dákẹ́ níbikíbi, fóònù yóò dún, o sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lo wà. Mo ti gbé fóònù náà wọ ilé ìwẹ̀ nínú ọ̀rá. Ènìyàn mẹ́ta péré la jẹ́ tó ń pín ìṣọ́ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì ń ṣe é. Ìlànà tí èmi fúnra mi kọ sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá rọ́pò èyí tó bàjẹ́, ojú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn wo ló wà nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣọ́? Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, èmi àti Wilmar kọ̀wé sí Nacho pé kí ìṣọ́ máa jẹ́ ènìyàn méjì. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹ jẹ́ ká lo ọdún yìí já bó ṣe wà. Mo fọkàn tán yín." Inú wa tilẹ̀ dùn pé ó fọkàn tán wa. Bí a ṣe gọ̀ tó nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù Kìíní, bàbá Wilmar pé ọgọ́rin ọdún. Wilmar ló wà nídìí ìṣọ́, ó wá sílé bàbá rẹ̀ nílùú yín pẹ̀lú fóònù ìṣọ́ lápò, òun náà ló sì ń yan ẹran fún àwọn àlejò. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ́sàn-án, fóònù dún. Ètò ti dákẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú màálù. O mọ bí oòrùn ṣe ń mú lọ́sàn-án oṣù Kìíní. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi kò sí nídìí ìṣọ́. Mo wà nínú òkun ní Atlántida, fóònù mi wà nínú àpò létí omi. Ó dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ó dá ṣe é. Ó fẹ́ mú ẹ̀dà àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀dà ọjọ́ Àbámẹ́ta ló mú. Orúkọ wọn jọra, ìlà kan ló ya wọ́n lójú fóònù kékeré náà, èéfín ẹran sì wà lójú rẹ̀.

Bí gbogbo ohun tí a kọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣe pa rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìpẹran, ètò wa ń sọ pé kò sí màálù kankan nínú wọn. Ẹran dúró nínú ọkọ̀, ó ń wo ènìyàn lójú, kọ̀ǹpútà ní kò sí níbẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà sì gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ kọjá kí a tó tún un ṣe. Màálù mẹ́tàléláàádọ́ta kú lórí ìdúró nínú ooru. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Wilmar dìde níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Mi ò ní máa dá a lé ẹ̀rọ lórí."

Àṣà kan wà ní ilé-iṣẹ́ wa tí a fi ń yangàn. Lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹnì kan yóò kọ ìwé ìwádìí tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Nacho a máa sọ pé, "Ihò ojú ọ̀nà là ń wá, a ò wá ẹni tó jìn sí i." Mo fẹ́ràn àṣà yìí. Mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun, mo sì gbà á gbọ́ gẹ́gẹ́ bí Ìyá àgbà ṣe gba Màríà gbọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ti oṣù Kìíní. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlá. Mo kọ ohun gbogbo tí "ẹni tó wà nídìí ìṣọ́" ṣe, pẹ̀lú aago, pẹ̀lú ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá. Ní ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn, mo kọ ọ́ pé láti oṣù Kẹwàá ni a ti béèrè fún ojú kejì, a kò sì fún wa.

Nacho ka ìwé náà, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi. Wilmar kò sí níbẹ̀, orí àga rẹ̀ ni Nacho jókòó sí. Ó ní, "Zulma, iṣẹ́ ńlá lo ṣe yìí. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni. Èrò nìyẹn, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀. Ṣebí ìwọ náà lo kọ́ wa pé ká má da méjèèjì pọ̀." Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ mi ni. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ìyá ńkọ́? Ṣé ìbàdí wọn ti ń san?"

Anahí, kò halẹ̀ mọ́ mi. Ìyá mi nìkan ló béèrè. Ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo rántí oṣù mẹ́ta tí mo fi jókòó ti ìyá mi pẹ̀lú owó mi ní pípé, ọwọ́ mi sì lọ síbi ìpínrọ̀ náà, ó yọ ọ́ kúrò. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn nìkan ni nǹkan tí mo ṣe lóṣù náà tí n kò kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Òwe inú ìwé lásán ni mo ka èyí sí tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ pé ó ń bá ẹnikẹ́ni wí.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá kánkán. Àwọn tó ni màálù tó kú ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò bá wí, ilé-iṣẹ́ sì fi ìwé mi hàn wọ́n. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ya àwòrán ojú Wilmar títí dé orí irun imú. Ọjọ́ ìṣọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, àtẹ tó fi ẹni tí ìṣọ́ kàn hàn sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń se omi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, wọ́n pe Wilmar sínú yàrá kan, wọ́n fún un ní lẹ́tà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jẹ́ Wilmar fún ẹni ńlá àti ẹni kékeré ní ilé-iṣẹ́ tí a kì í ti í pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá. Lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọ̀gbẹ́ni Techera." Wọ́n ní ìwà àìbìkítà tó burú jáì ló hù. Ìwé tí mo kọ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, ojú ewé mọ́kànlá, ó mọ́ tónítóní.

Ó padà sídìí tábìlì láti wá mú fíláàsì rẹ̀. Èmi ni mo ti po mate láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé igbá fún un. Ó mu ún tán láìjókòó, ó dá igbá padà fún mi, ó ní, "O ṣeun." O mọ̀ bí mo ṣe mọ̀: ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń da omi ti sọ pé òun kò mu mọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sọ ọ́ fún mi rí nígbà tí igbá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyáàfin Aago, o kọ ọ́ dáadáa o. Ìṣẹ́jú àáyá gan-an pé. Ìdí ẹ̀ nìkan lo gbàgbé." Ó gbé fíláàsì sí abíyá, ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí i láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà láìṣí i.

Ìwọ wá mọ̀ báyìí pé àga tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ kì í ṣe àga tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "àyè tuntun" ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Ewé mate Wilmar ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Nacho bóyá ìṣọ́ yóò di ènìyàn méjì nígbà tí ẹni tuntun bá dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ mà ni, Zulma. Ǹjẹ́ o ò fọkàn tán an ni?" Ìwọ sì rèé, o yege nínú ìdánwò ìjọba, o ní ipò olùkọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi lẹ́tà ọjọ́ kan gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, wọn kò ní dá a padà fún ọ.

Mi ò ní kí o má wá. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa, nítorí pé èmi náà yóò tún wọ ibẹ̀ bí mo bá padà di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ọ́ kọ́ ni burúkú ibẹ̀ wà. Inú oore wọn ló wà. Ẹni tó bá ń jẹ ọ́ níyà, wàá mọ ọjọ́ tí wàá kọ̀ fún un. Ẹni tó bá ń béèrè àlàáfíà ìyá rẹ, ọjọ́ wo lo máa kọ̀ fún un?

Èmi ti mú ọjọ́ tèmi. Nínú àpò bébà pupa tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí ni ìwé ìwádìí náà wà bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, pẹ̀lú ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn, àti lẹ́tà oṣù Kẹwàá pẹ̀lú èsì Nacho. Mo buwọ́ lu ojú ewé kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ mi ní kíkún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé jíjí ni Wilmar jí i. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́bọ̀, òun àti agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ yóò pàdé ní ọ́fíìsì tó ń parí ìjà òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ní Tacuarembó. Láìsí ìwé wọ̀nyí, àìbìkítà ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti wá iṣẹ́. Bí ó bá fi wọ́n hàn, ilé-iṣẹ́ yóò mọ ẹni tó mú wọn jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo sọ fún Ìyá àgbà. Mo rò pé ẹ̀rù yóò bà wọ́n nítorí owó oògùn. Wọ́n ń bó ọ̀dùnkún, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìbàdí mi ni wọ́n ní kó o wá tọ́jú. Wọn ò ra ẹnu ẹ."

Kí Ọlọ́run fún ọ ní iṣẹ́ tí o lè ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ láìfo ìpínrọ̀ kankan. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe ohun tí ojú rẹ yóò máa sá fún. Kí àwọn tí o bá jọ mu nínú igbá kan máa bá ọ mu títí omi yóò fi tutù. Kí ilé yín tòrò, kí ẹ̀gbọ́n mi àti aya rẹ̀ pẹ́ fún ọ.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Zulma.

Àfikún: Má ṣí àpò pupa náà. Mú un lọ fún Wilmar ní ọ̀la, ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, ní ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ilé tí wọ́n gbé gàárì àtijọ́ kọ́ sí ìloro rẹ̀. Má dárúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ṣílẹ̀kùn. Sọ pé ìwọ ni wọ́n fi àga rẹ̀ lọ̀. Bí ó bá ti gba àpò náà, ní kó kọ́kọ́ wo ojú ewé kọkànlá. Lẹ́yìn náà, bi í ní ohun tí ì bá béèrè ká ní ó tún fẹ́ wọ Huella Mansa lónìí. Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, fi ìbéèrè pé ta ni yóò máa bá ọ ṣọ́ kún un, kí o sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nacho kó tó di ọjọ́bọ̀. Bí Nacho bá kọ èsì sílẹ̀ tó sì buwọ́ lù ú, jókòó kí o gbé e yẹ̀ wò. Bí ó bá pè ọ́ lórí fóònù láti sọ pé òun fọkàn tán ọ, má fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà.